Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹta, Ọdún 1980

Aago 5:30 àárọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lójú Òkun Àríwá. Láti Stavanger, ìlú tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Nọ́wè, nǹkan bí 320 kìlómítà ni èèyàn máa rìn lójú omi kó tó dé ibí yìí. Kò sí erékùṣù, kò sí òkè, kò sí igi. Iná nìkan ló ń tàn nínú òkùnkùn, ní ojú méjì tó sún mọ́ra.

Ojú kìíní ni Edda. Pèpéle irin ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la nǹkan bí 70 mítà omi kọjá, ó kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Orí rẹ̀ ni ẹnu kànga epo wà. Ojú kejì kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá, ó léfòó ni. Alexander L. Kielland ni wọ́n ń pè é, orúkọ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Nọ́wè kan tó ti kú tipẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Edda, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Afárá irin kan ló so ó mọ́ Edda.

Aago Nọ́wè àti aago Nàìjíríà bára mu lọ́jọ́ náà. Ní Sókótó, ládàánì ń pèrun àsùbáà.

Aago 6:30 àárọ̀. Ilẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ epo kì í sùn. Wákàtí 12 ni ẹnì kan ń ṣe kí ẹlòmíì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí afárá ni wọ́n ń gbà lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà bọ̀, bàtà líle lẹ́sẹ̀, akoto lórí. Afárá náà kì í dúró jẹ́ẹ́. Edda kì í mì, Kielland ń mì. Ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti kúrò lórí ohun tó dúró, ó ti bọ́ sórí ohun tó léfòó.

Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ẹkùn Rogaland ni wọ́n, ẹkùn tí Stavanger wà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú omi, hẹlikópítà á sì gbé wọn padà sílé.

Aago 8 àárọ̀. Dunkirk, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti kọ́ Kielland. Oṣù keje ọdún 1976 ni wọ́n fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, ìyẹn ilé iṣẹ́ Stavanger Drilling. Phillips Petroleum ti Amẹ́ríkà ló háyà rẹ̀. Òpó márùn-ún ló gbé e ró: A, B, C, D àti E. Àgbá irin ńlá kan wà nísàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, ìbú rẹ̀ tó 22 mítà, òun ló ń mú gbogbo ilé náà léfòó. Ọ̀pá irin ló so òpó mọ́ òpó, tó tún so wọ́n mọ́ pèpéle tó wà lókè. Àwọn ọ̀pá kan hàn síta. Àwọn kan wà lábẹ́ omi.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Kí ó máa gbẹ́ kànga ni. Ilé gogoro irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ṣì nà sókè gàgàrà lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn máa sùn ni wọ́n ń wá lójú omi nígbà náà. Ibùsùn 80 ló wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n to yàrá kún yàrá títí ibùsùn fi di 348.

Òpó D ní ọ̀pá mẹ́fà tó dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn wà nísàlẹ̀, nínú omi, ó nà gbalaja. D-6 ni wọ́n ń pè é. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2.6, àgbàlagbà lè dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan òkè. Irin rẹ̀ nípọn tó mílímítà 26. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà láti Dunkirk. Omi bò ó. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Aago 10 àárọ̀. Ohun tó kó àwọn ọkùnrin yìí jọ sójú omi wà ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lábẹ́ ilẹ̀ òkun. Ẹfun ni.

Ẹfun yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó ń gbé Sókótó. Ní Kalambaina, nítòsí ìlú náà, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń wa òkúta tó bá a tan láti ọdún 1967. Òkun ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun kú, èépá ara wọn rì, ó ń gorí ara rẹ̀ títí ó fi di òkúta. Bí ti Ekofisk, pápá epo ńlá tó wà ládùúgbò Edda lójú Òkun Àríwá, náà ṣe rí nìyẹn. Sáà wọn kò sì jìnnà síra: nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí èèyàn bá ṣa ẹ̀là kan níbi tí wọ́n ti ń wa á ní Kalambaina, lẹ́búlẹ́bú funfun á kù sí i ní ìka. Ti Sókótó wà lójú ilẹ̀, ó di sìmẹ́ǹtì. Ti Òkun Àríwá rì lọ sísàlẹ̀, amọ̀ bò ó, epo sì wọnú rẹ̀.

Epo náà pọ̀. Ó ń ṣòro láti jáde ni. Nínú 100 ìdá òkúta yìí, 30 sí 40 lè jẹ́ àlàfo lásán. Bí ilé tí yàrá rẹ̀ kò lóǹkà ló rí, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Epo kún inú yàrá, kò rí ẹnu ọ̀nà gbà. Nínú yanrìn abẹ́ Niger Delta, epo ń ṣàn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ju bó ṣe ń ṣàn nínú ẹfun yìí lọ.

Ohun tó kó Ekofisk yọ ni pé òkúta náà ti sán. Ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ àti iyọ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ rú sókè ti tẹ̀ ẹ́, ó ti sán síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú ibi tó sán ni epo ń gbà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ á jókòó ti àwòrán, wọn á máa wá ibi tí sísán ti pọ̀. Ibi tí òkúta bá ti sán ni wọ́n ń fẹ́.

Aago 12 ọ̀sán. Epo tó wà nínú irú òkúta báyìí, ètò ni wọ́n fi ń rí i mú. Kànga kan kò lè fa epo ibi tó jìnnà, àyíká rẹ̀ nìkan ló lágbára lé lórí. Nítorí náà kànga gbọ́dọ̀ pọ̀. Orí pèpéle kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń gbẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ wọlẹ̀ tààrà, lẹ́yìn náà á yà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, títí á fi gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti fàmì sí. Wọ́n ní láti mọ igun tó máa fi yà. Wọ́n ní láti mọ bí yóò ṣe jìnnà sí kejì rẹ̀, kí méjèèjì má bàa máa fa epo ojú kan náà. Gáàsì lè wà lókè, omi lè wà nísàlẹ̀. Kànga tó bá ṣìnà lọ sọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn ti bàjẹ́.

Bí kànga bá dénú ẹfun, wọ́n á da ásíìdì sí i. Ásíìdì ń jẹ ẹfun. Ó ń fẹ ojú ọ̀nà fún epo. Bí ó bá yá, epo á tún lọ́ra, wọ́n á tún padà wá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń fa wáyà, àwọn ọlọ́dà, àwọn agbọ́únjẹ, fi kún ojú omi tó bẹ́ẹ̀. Òkúta tó bá láwọ́, èèyàn díẹ̀ ló ń fẹ́. Òkúta tó bá háwọ́, èrò rẹpẹtẹ ló ń fẹ́.

Ní ìparí ọdún 1969 ni ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ Ocean Viking kan epo ní Ekofisk, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ kànga ti já sófo lójú Òkun Àríwá. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1971. Edda kò tó Ekofisk rárá, àdúgbò rẹ̀ ló wà, ẹfun náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1979 ni epo tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyẹn kò ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ ṣáájú ọjọ́ yìí.

Aago 3 ọ̀sán. Ojú ọjọ́ ń le. Òjò ń rọ̀, kùrukùru bo ojú omi. Ìgbì dé, ó ti òpó, ó fà á. Kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, òmíràn ti dé. Láàárín wákàtí kan, wọ́n lé ní 300. Ìgbì kọ̀ọ̀kan tó bá lu ilé náà, gbogbo ọ̀pá tó so òpó pọ̀ ló ń pín nínú rẹ̀. D-6 ń gba ti ara rẹ̀: fífà, títì, fífà, títì. Láti ọdún 1976 ló ti ń gbà á, lóru àti lọ́sàn-án, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó àti nígbà yìnyín.

Ṣáájú aago 6:30 ìrọ̀lẹ́. Atẹ́gùn ń sáré tó kìlómítà 74 láàárín wákàtí kan. Ìgbì tó ga jù tó mítà 12, ìyẹn ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Wọ́n ti ká afárá kúrò. Bí Kielland bá sún mọ́ Edda jù nínú irú ìjì báyìí, ọ̀kan lè lu èkejì. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ká okùn ìdákọ̀ró lápá kan, wọ́n dẹ okùn lápá kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni Kielland fà sẹ́yìn. Omi wà láàárín òun àti Edda báyìí, kò sí ohun tí èèyàn lè gbà kọjá.

Èèyàn 212 ló wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣíwọ́. Àwọn tó fẹ́ jẹun ti jókòó sí yàrá oúnjẹ. Àwọn tó fẹ́ wo sinimá ti wọ yàrá sinimá. Àwọn tó wà nínú yàrá méjèèjì yìí tó 130. Àwọn yòókù wà lórí ibùsùn wọn, tàbí nídìí ẹ̀rọ, tàbí nínú bálùwẹ̀. Aṣọ ilé ló wà lọ́rùn púpọ̀ nínú wọn. Nínú ilé, ooru mú. Níta, omi òkun kò gbóná ju dígíríì mẹ́fà lọ.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago 6:30 tó lù. Nǹkan kan dún pà.

Lẹ́yìn náà ni ilé gbọ̀n. Ìgbì ńlá máa ń lu ilé náà, ara wọn ti mọ́ ọn. Ìgbì lu ilé, ilé gbọ̀n, ilé á padà dúró. Wọ́n dúró kí ó padà. Kò padà. Ilẹ̀ yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwo yọ̀ kúrò lórí tábìlì. Tábìlì tẹ̀ lé e. Àga tẹ̀ lé tábìlì. Àwọn èèyàn náà yọ̀ lọ bá wọn. Gbogbo ohun tí wọn kò kàn mọ́lẹ̀ kó jọ sí igun kan náà, pẹ̀lú àwọn tó ń gbìyànjú láti dìde láàárín rẹ̀.

Ó dà tó dígíríì 30, ó wá dúró.

Ní ìsàlẹ̀, D-6 ti ṣẹ́. Bó ṣe ṣẹ́, ẹrù rẹ̀ já lé ọ̀pá márùn-ún yòókù tó di òpó D mú. Wọn kò lè rù ú. Wọ́n ṣẹ́ tẹ̀ léra wọn. Òpó D já kúrò lára ilé, ó ń léfòó lọ lọ́tọ̀. Òpó mẹ́rin ló kù, ẹ̀gbẹ́ kan kò sì ní ohun tó máa gbé e ró mọ́. Gbogbo okùn ìdákọ̀ró tó ń fa ilé náà já, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ okùn irin kan yẹn ni kò jẹ́ kí ó dojú dé.

Aago 6:30. Wọ́n ké sí ayé lórí rédíò pé àwọn wà nínú ewu. Nínú ilé, àtẹ̀gùn ti dà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di kòtò. Ẹni tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gùn ún bí ẹni ń gun òkè. Wọ́n ń fa ara wọn lọ́wọ́. Àwọn kan fi èjìká wọn ṣe àtẹ̀gùn fún ẹni ẹlẹ́ni. Omi ti ń wọlé láti ìsàlẹ̀, ó ń gba ojú fèrèsé afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀kùn tí wọn kò tì. Apá tó yẹ kó máa léfòó ti ń kún.

Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà méje ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba èèyàn 50. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí jẹ́ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba èèyàn 20. Àyè wà fún èèyàn 750. 212 ni wọ́n.

Aago 6:40. Wọ́n sọ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà mẹ́rin kalẹ̀. Okùn ló gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ irin kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Ẹni tó ṣe ìkọ́ náà rò ó dáadáa. Kí ọkọ̀ má bàa já láti òkè pẹ̀lú èèyàn nínú, ó ṣe é kó má lè tú bí okùn bá ṣì le. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí omi kí okùn tó lè dẹ̀, kí ìkọ́ tó lè tú. Lórí omi tó dákẹ́, ohun tó dára nìyẹn. Níbí, ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, okùn dẹ̀. Kí ọwọ́ tó kan ìkọ́, ìgbì ti lọ, ọkọ̀ ti já wálẹ̀, okùn tún ti le gírígírí. Ìgbì tún gbé e, ó tún gbá a mọ́ ara ilé. Nínú mẹ́rin, ẹyọ kan ló tú. Èèyàn 26 ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìròyìn ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn wà nínú ọkọ̀ tó máa gbà wọ́n là, ọkọ̀ náà sì ti kan omi. Ohun tí wọ́n ṣe kó má bàa pa wọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Aago 6:50. Ilé ń dà sí i. Okùn kan ṣoṣo yẹn ṣì ń fà. Àwọn tó rí ọ̀nà jáde kó jọ sí òkè ẹ̀gbẹ́ tó ga jù. Níwájú wọn ni Edda wà, wọ́n rí iná rẹ̀, wọ́n rí àwọn èèyàn tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó wà lórí Edda náà ń wò wọ́n. Afárá ti kúrò. Díẹ̀ péré ló ráyè wọ aṣọ tó ń gbani lọ́wọ́ òtútù omi. Àwọn kan bẹ́. Àwọn kan kò lè bẹ́. Ní Sókótó, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, wọ́n ń pèrun màgàríbì.

Aago 6:53. Okùn já.

Kielland dojú dé. Ilé gogoro tó nà sókè láàárọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ òkun. Àgbá mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ yọ síta, ìdí wọn kọjú sí òjò. Yàrá oúnjẹ wà lábẹ́ omi. Yàrá sinimá wà lábẹ́ omi. Láti ìgbà tí ohun yẹn ti dún pà, kò tó ìdajì wákàtí.

Aago 7 alẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà karùn-ún já fúnra rẹ̀ nígbà tí ilé dojú dé, ó sì rú jáde ní ìdojúdé. Èèyàn 14 wà nínú rẹ̀. Wọ́n tiraka títí wọ́n fi yí i padà nínú ìgbì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn tó wà nínú omi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 19 ni wọ́n fà wọlé. Ọwọ́ tó ti kú fún òtútù kì í lè di nǹkan mú, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń di í mú fún un.

Láti orí Edda, wọ́n ju ọkọ̀ rọ́bà méjì sómi. Èèyàn 13 rí wọn dì mú. Ọkọ̀ rọ́bà méjì mìíràn tó já kúrò lára Kielland gba èèyàn mẹ́ta. Èèyàn méje lúwẹ̀ẹ́ dé Edda. Nínú ìgbì yẹn. Nínú omi yẹn. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrù fún àwọn pèpéle yọ èèyàn méje nínú òkun.

Nǹkan bí aago 7:30 alẹ́. Ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dúró nítòsí fún irú ọjọ́ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gbà á tó wákàtí kan. Kò rí ẹnì kankan yọ láàyè.

Òru. Hẹlikópítà ń dé láti Nọ́wè àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná wọn ń tàn sórí omi, kùrukùru ń dá a padà. Àwọn ọkọ̀ òkun ń yí ká. Wọ́n ń rí ọkọ̀ rọ́bà tó ṣófo. Wọ́n ń rí òkú èèyàn. Àgbá mẹ́rin yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbì ṣe ń kọjá. Ní Stavanger, rédíò ti sọ ọ́. Tẹlifóònù kò dákẹ́. Àwọn ìyàwó àti àwọn ìyá ń dárúkọ, ẹni tó gbé e sì ń wo ìwé tí orúkọ kò tíì pé lórí rẹ̀.

Àwọn tó yè jẹ́ 89. Àwọn tó kú jẹ́ 123. Òkú ọgbọ̀n nínú wọn, wọn kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 28, ìjọba Nọ́wè yan ìgbìmọ̀ kan tí adájọ́ Thor Næsheim jẹ́ alága rẹ̀. Ìjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n ìjì ọjọ́ náà kò ju irú èyí tí wọ́n kọ́ Kielland láti fara dà lọ. Edda, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò yẹsẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó irin tó ṣẹ́ wá. Wọ́n gé e, wọ́n gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ sábẹ́ awò. Oṣù kẹta ọdún 1981 ni ìròyìn wọn jáde.

Wọ́n rí i pé D-6 kò ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti ń sán tipẹ́. Ìgbì kan á fà á, ibi tó sán á fi díẹ̀ gùn sí i, díẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ìgbì tó tẹ̀ lé e á tún fà á. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, sísán náà ti yí ju ìdajì ọ̀pá náà ká. Irin tó kù ló ń gbé gbogbo ẹrù.

Wọ́n tọ ipa sísán náà padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé wọn dé etí ihò róbótó kan lára D-6. Wọ́n lu ihò yẹn láti Dunkirk, wọ́n ki páìpù kúkúrú kan bọ̀ ọ́, wọ́n sì jó o mọ́ ọ̀pá náà yí ká. Páìpù náà kò gbé ẹrù kankan. Kò sí lára ohun tó di ilé mú. Nítorí náà wọn kò kà á sí nígbà tí wọ́n ń ṣírò agbára ọ̀pá náà, ẹni tó jó o kò sì jó o bí ẹni tó ń jó ohun tí ẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́. Ibi tó jó náà kò nípọn ju mílímítà mẹ́fà lọ. Jíjó náà kò dára. Inú rẹ̀ ni sísán ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n rí ọ̀dà nínú sísán náà. Lójú ibi tí irin ti ya kúrò lára irin, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́dà kò lè dé láé bí irin náà bá wà ní odindi, ọ̀dà Dunkirk wà níbẹ̀. Ó ti sán kí wọ́n tó kùn ún. Ó ti sán kí Kielland tó kan òkun. Oṣù 44 ló fi gbé èèyàn lórí sísán yẹn, lójú omi tí àwọn onímọ̀ ti ń fi àwòrán wá gbogbo ibi tí òkúta ti sán ní kìlómítà mẹ́ta nísàlẹ̀.

Lọ́dún 1983, ìgbà kẹta tí wọ́n gbìyànjú, wọ́n yí Kielland padà sójú rẹ̀ nítòsí Stavanger. Wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n wá àwọn tí wọn kò tíì rí. Wọ́n rí òkú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, wọ́n rì í sínú omi jíjìn ní Nedstrand.

Páìpù kúkúrú náà, ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ohùn lábẹ́ omi ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ̀rọ náà lè máa wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni láti máa jẹ́ kí àwọn tó wà lókè mọ̀ pé ilé orí omi náà ṣì dúró gangan lókè ẹnu kànga tó ń gbẹ́. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Dunkirk títí dé aago 6:53 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Kielland kò gbẹ́ kànga kankan.